Ọ̀rọ̀ Tí Àsíátù Fi Rán Àga Abẹnugan

Odó ni ìyá Àsíátù máa ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dé agbo-ilé wọn ní Kétu, ní òdìkejì ẹnubodè, lábẹ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀, ní àkókò tí wọ́n bá ń gúnyán, ẹ ó gbọ́ obìnrin náà tí ó ń gbé ọmọ odó sókè, tí ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, tí ó sì ń wí pé: "Odó, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé apá ń ro mí. Àwọn tí wọ́n lójú nílé yìí kò rí i." Ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí ó ń bó ẹ̀gúsí, kò ní bojú wo apá ibẹ̀. Adìẹ tí ó ń jẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò bá wí: "Adìẹ, ẹni tí apá ń ro, kí ó wí. Ṣé ojú ni a fi ń mọ̀ ni?" Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ni ẹ ó bá nídìí odó.

Báyìí ni Àsíátù ṣe mọ̀, kí ó tó mọ ohunkóhun mìíràn nípa ilé ọkọ, pé ọ̀nà kan wà tí ìyàwó fi í bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀ tí ojú kò fi ní í ko ojú. Ìyàwó kì í wí fún ìyá ọkọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ìyàwó lè wí i fún odó.

Ìyọnu tí ó bá a ní Ìjẹ̀bú-Òde ni pé kò sí odó nílé Alhaja Ràmọ́tà, ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ ju iyán lọ, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń lọ ata. Ẹ̀rọ ìlọta kò ṣe é fi ọ̀rọ̀ rán. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sí ohùn ènìyàn tí yóò là á kọjá.

Abdulrauf, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Alhaja bí, ni ó mú un wá. Ó ń ti Kútọnu bọ̀, níbi tí ó ti lọ ra aṣọ ìtẹ́nú fún ìyá rẹ̀, ni alùpùpù kan gbá a lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré tí Àsíátù ti ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ni wọ́n gbé e lọ. Àsíátù ni ó ń wẹ egbò náà láràárọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ jinná, ọkàn ni kò jinná mọ́. Ọdún kan péré ni ó kù kí ọmọbìnrin náà gba ìwé ẹ̀rí nígbà tí ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo, tí ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, òun àti èdè Faransé tí ẹnikẹ́ni kò ní í bi í léèrè mọ́.

Ọdún mọ́kànlá rèé. Ó bí ọmọ méjì. Ó kọ́ èdè Ìjẹ̀bú débi pé bí ó bá ń ná ọjà, àwọn ará Ayépé a máa rò pé ọmọ ilé àwọn ni. Ṣọ́ọ̀bù Alhaja ní Òkè-Ajé, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò àwọn télọ̀, ìyẹn òwú, bọ́tìnì, síìpù àti aṣọ ìtẹ́nú, di ibi tí kò sẹ́ni tí ó mọ tinú-tòde rẹ̀ tó Àsíátù. Páálí wọn lé ní igba, kò sì sí àmì kankan lára wọn. Bí oníbàárà bá bèèrè síìpù aláwọ̀ ewé tí kò gùn ju ìka méjì lọ, Alhaja yóò kàn yí ọrùn padà ni, yóò ní: "Àsíátù!" Àsíátù yóò sì fa páálí kan yọ láìwo ìsàlẹ̀. Alhaja a máa fi í yangàn láàrin ọjà: "Ẹlòmíràn a máa kọ ọjà rẹ̀ sínú ìwé. Orí ìyàwó mi ni ìwé tèmi."

Ẹni tí a bá ń yìn, ìwọ̀nba ni yóò lè kọ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí ó ṣòro fún Àsíátù nìyẹn nígbà tí Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé dé.

Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé ni ó ni ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bọ́tìnì ni ó wá rà lọ́jọ́ náà, ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí òòyì kọ́ aláboyún kan tí ó ń ra òwú, tí ó sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ké, wọ́n ń da omi. Àsíátù lé wọn sẹ́yìn, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì obìnrin náà lélẹ̀, ó tú ìró rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń sọ. Nígbà tí obìnrin náà dìde jókòó, Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé ti gbàgbé bọ́tìnì.

Ó ní: "Ìwọ arábìnrin yìí, níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Pọ́bẹ̀ ni, mà."

"Irú rẹ ni mò ń wá. Ọdún méjì ni màá fi kọ́ ọ, ọjọ́ mẹ́rin láàrin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ṣe aláboyún, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí o padà wá bá mi."

Ó lọ kọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni Ernest, ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìntì, ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nírọ̀lẹ́. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Àsíátù bẹ̀rẹ̀ ni Alhaja wí pé òun náà ń bọ̀. "Kí ni ìyàwó mi yóò máa kà tí èmi kò ní í lè kà? Kí n wá máa wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo rédíò?" Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe di ọmọ kíláàsì kan náà. Orí bẹ́ǹṣì kan ni wọ́n jọ ń jókòó sí, Alhaja a sì máa jí iṣẹ́ Àsíátù wò bí ọmọdé.

Ní oṣù tí à ń wí yìí, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé: àyè ti ṣí. Bí Àsíátù kò bá dé ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, òun yóò fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ Ajé ni yóò máa lọ, ibẹ̀ ni yóò máa sùn, yóò sì máa padà wálé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àsíátù kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé e fún ọkọ rẹ̀.

Abdulrauf kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akin ni Abdulrauf níbi gbogbo àfi níwájú ìyá rẹ̀. Ó wọlé tọ ìyá lọ, ó sì padà jáde. "Màámi ní kí a fi í sílẹ̀ ná." Ọjọ́ kẹta, ó tún wọlé. "Wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ ná." Nígbà kẹta, kò tilẹ̀ wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó hú ikọ́, ó sì padà. Alhaja fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún Àsíátù. Ṣùgbọ́n bí Àsíátù bá ti ń bu omi, tàbí tí ó ń ká aṣọ, a máa gbọ́ tí Alhaja ń wí pé: "Ta ni yóò mọ ibi tí síìpù wà?" Ọjọ́ méjìlá ni ó kù.

Ọjọ́ méjìlá gan-an ni ó kù ní àárọ̀ tí Tíṣà kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, láti lọ wo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Òkè-Mósàn. Ìlànà tirẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe nǹkan. Ó ti kó wọn lọ sí bánkì. Ó ti kó wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn méjìlá ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín inú kúlà tí Alhaja gbé sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé.

"Alhaja, kúlà yẹn kò ní í sá lọ," ni Bàbá Micah wí láti ẹ̀yìn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bàbá Micah, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀, òun ni ó dàgbà jù nínú kíláàsì.

"Ẹnu yín ni mo fi í pamọ́ fún," ni Alhaja dá a lóhùn. "Mo rí ohun tí ẹ ṣe ní bánkì lọ́jọ́sí."

Wọ́n kọjá Ayépé, wọ́n kọjá Ṣàgámù. Àsíátù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń ka ọjọ́ tí ó kù.

Omidan kan tí wọ́n ń pè ní Jessica ni ilé náà yàn láti mú àlejò káàkiri. Aṣọ dúdú ni ó wọ̀, ó so káàdì mọ́ ọrùn, Gẹ̀ẹ́sì sì ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo tí ń ta nínú ìkòkò gbígbóná. Bàbá Micah tẹ́tí títí, ó rẹ̀ ẹ́.

"Jẹ́síkà, ọmọ mi, ọmọ ta ni ọ́?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ọmọ Ìjẹ̀bú-Imuṣin ni mí, sà."

"Ọmọ ilé wa! Ó yá, rọra máa sọ ọ́, kí àwọn bàbá rẹ lè bá ọ dé ibi tí ò ń lọ."

Láti ìgbà náà ni Jessica ti ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń tún un sọ ní Yorùbá. Ó fi àwòrán àwọn tí wọ́n ti jẹ Abẹnugan hàn wọ́n, àti yàrá ìwé, àti yàrá tí àwọn oníròyìn ń jókòó sí. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjókòó gan-an, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun nìkan ni òun wà nínú ilé. Ó padà sẹ́yìn. Àwọn àlejò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ń bọ́ bàtà. Wọ́n ti tò ó mọ́ ògiri ní méjì-méjì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ wọ mọ́sáláṣí.

Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá. "Ẹ jọ̀ọ́, bàtà ta ni gbogbo èyí?"

"Tiwa ni," ni Bàbá Micah wí. "Kápẹ́ẹ̀tì yín mọ́ ju ibùsùn mi lọ."

"Ẹ lè wọ bàtà wọlé, sà!"

"Ibi tí wọ́n ti ń ṣe òfin?" ni Alhaja bèèrè. Kò tún bàtà wọ̀. Nítorí pé òun kò wọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí ó wọ̀ ọ́, àní Tíṣà pàápàá bọ́ tirẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ti lu ní àtàǹpàkò.

Ìtútù inú gbọ̀ngàn náà dà bí ti ìsàlẹ̀ kànga. Àga aláwọ tò yí ká, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan, àga gíga kan sì wà lókè, èyí tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Jessica ní kí wọ́n jókòó. Kò sí ẹni tí ó jókòó. Wọ́n ń wo Bàbá Micah, nítorí àgbà ni yóò kọ́kọ́ jókòó. Bàbá Micah náà mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ pa iṣẹ́ ọnà ẹ̀yìn àga gíga náà, ó mi orí gẹ́gẹ́ bí gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì ti ń tẹ ìdí bọ̀ nígbà tí Jessica figbe ta.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Àga Abẹnugan nìyẹn!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo dàgbà jù."

"Ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń gùn ún, sà. Wọ́n máa ń dìbò ni."

Bàbá Micah dúró láàrin méjì, kò jókòó, kò sì nàró. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dìbò kíá, eékún ń dùn mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú Alhaja. Jessica gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì wí pé níwọ̀n bí ilé kò ti jókòó lọ́jọ́ náà, òun yóò jẹ́ kí wọ́n ṣe àfiṣeré ìjókòó kan. Ó fi Tíṣà ṣe Abẹnugan. "Mo fi ọdún mẹ́rin ju Tíṣà lọ," ni Bàbá Micah ń kùn bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀.

Jessica wá la ìlànà kalẹ̀. Ẹnìkan yóò mú àbá wá, ẹnìkan yóò gbè é lẹ́yìn, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ yóò sì takò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò dìde. "Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé," ni ó wí. "Bí inú ẹnìkan bá tilẹ̀ ń bí yín nínú ilé yìí, ẹ kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ kò ní í dojú kọ ọ́ pẹ̀lú. Abẹnugan ni ẹ ó máa bá wí, òun ni yóò máa gbọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ẹ ń bá wí yóò sì gbọ́ níbi tí ó jókòó sí."

"Ní Gẹ̀ẹ́sì o," ni Tíṣà fi kún un láti orí àga gíga. "Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ta ni ó ní àbá?"

Alhaja Ràmọ́tà dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà:

"Mísítà Sípíkà. Mo ní àbá. Ìyàwó kò gbọdọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Kí ó má sùn síbẹ̀. Kí ó wà ní ilé. Mo ṣeun."

Ó jókòó. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì náà, nítorí kò ṣẹ́ níbì kankan. Bàbá Micah dìde, ó gbè é lẹ́yìn, ó ní ìyàwó tòun lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta, ìrẹsì ni òun sì jẹ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Àfi Àsíátù. Nínú gbogbo àbá ayé yìí, ọ̀ràn rẹ̀ ni Alhaja gbé wá síta gbangba, ó sì wá dà bí ẹni pé Alhaja náà ti ń wá ibi tí yóò ti sọ ọ́.

"Ta ni yóò takò ó?" ni Tíṣà bèèrè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn mélòó kan mọ̀ pé ìyàwó ọmọ Alhaja wà níjókòó, wọ́n sì wolẹ̀. "Kò sí? Ṣé àbá yóò kọjá báyìí?"

Àsíátù kò mọ ìgbà tí ó dìde. Ohun tí ó mọ̀ ni pé eékún òun ti kan ilẹ̀, pé òun ti kúnlẹ̀ síwájú Alhaja láàrin àga méjì, tí òun sì ti wolẹ̀. Àṣà ni ó gbé e kúnlẹ̀. Ta ni yóò dúró ṣánṣán takò ìyá ọkọ rẹ̀?

Jessica súnmọ́ ọn, ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi bá a sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ níbí. Ẹ dìde. Ẹ má wo Màmá rárá. Àga yẹn ni kí ẹ wò. Màmá kọ́ ni ẹ ń bá wí, àga ni."

Àsíátù gbójú sókè. Ó wo àga náà. Igi ni, igi tí wọ́n gbẹ́, tí ó dúró síbi kan, tí ó ń gba ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn láìfọhùn. Ojú rẹ̀ ṣí. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń wá odó, inú gbọ̀ngàn àwọn aṣòfin sì ni ó wà.

Ó dìde. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí Alhaja. Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ kò gùn, ṣùgbọ́n kò dúró wá ọ̀rọ̀ rárá:

"Mísítà Sípíkà, mo takò ó. Ìyá tí ó mú àbá yìí wá jẹ́ ìyá rere. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, n kò mọ ọ̀nà ọjà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n kò pè mí ní àlejò rí. Ṣùgbọ́n, Mísítà Sípíkà, mo ní iṣẹ́ kí n tó ní ọkọ. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé iṣẹ́ náà. Bí mo bá rí aláboyún lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi a máa dìde fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ màá padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn: n kò sá lọ. Mo fẹ́ lọ kí n sì bọ̀."

Àsíátù jókòó. Ó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Alhaja tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Micah, tí ó ń sọ ní ohùn tí ó rò pé ó kéré:

"Ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn bí? Ìyàwó mi ni!"

"Àbá yín ni ó ń bàjẹ́ o, Alhaja."

"Mo mọ̀. Ẹ dákẹ́ kí n gbọ́."

Wọ́n dìbò. Jessica ka ọwọ́ tí ó wà lókè. Àwọn mẹ́rin fẹ́ àbá náà, àwọn méje kò fẹ́ ẹ. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni kò gòkè fún ẹgbẹ́ kankan. Alhaja tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí itan, ó ń wo òrùka ìka rẹ̀. Tíṣà fi ọwọ́ lu tábìlì, ó kéde pé àbá ti ṣubú. Bí wọ́n ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Micah bá Alhaja kẹ́dùn, Alhaja sì wí pé: "Ilé tiwọn ni àbá ti ṣubú. Kò tíì ṣubú nílé tèmi."

Àsíátù gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ tí ó ti ń fò bí ẹyẹ bà sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì gbéra. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín. Alhaja pín in fún gbogbo ènìyàn, ó kan Àsíátù, ó fún un ní èyí tí ó ní odindi ẹyin nínú, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n kọjá Ṣíún. Àwọn kan ti ń sùn. Tíṣà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, orí rẹ̀ ti ń rọ́ sí àyà.

"Mísítà Sípíkà," ni Alhaja pè.

Tíṣà ti sùn lọ.

"Mísítà Sípíkà! Ṣé ìjókòó ti parí ni?"

Tíṣà ta jí. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí ojú Alhaja, ó rí ojú Àsíátù tí ó dojú kọ fèrèsé. Ó ti kọ́ ènìyàn fún ọdún márùndínlógójì, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ìgbà tí ó yẹ kí tíṣà dákẹ́. Ó na ẹ̀yìn, ó kọjú síwájú. "Ìjókòó kò tíì parí. Ẹ máa wí, Alhaja. Yorùbá pàápàá, mo gbà á."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi sọ fún aṣòfin tí ó takò mí. Mo bí ọmọbìnrin mẹ́ta kí n tó bí Abdulrauf. Èyí àkọ́kọ́ lọ sí Èkó, ó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni òun yóò máa wálé. Èkejì lọ sí Kánò, ó ní gbogbo ọdún Iléyá. Ẹ̀kẹta wà ní Sáúdí, inú fóònù ni mo ti ń rí i, tí iná bá wà. Kò sí ẹni tí ó parọ́ fún mi nínú wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ bọ̀." Ó fi ìdérí bo kúlà. "Mísítà Sípíkà, ọ̀ràn síìpù kọ́ ni. Ẹ bi í bóyá Ọjọ́bọ̀ tirẹ̀ yóò jẹ́ Ọjọ́bọ̀."

Tíṣà kò yí ojú padà. "Ọ̀rọ̀ ti dé etí ilé. Aṣòfin, ẹ fèsì."

Àsíátù bojú wo orí Tíṣà láti ẹ̀yìn, ibi tí irun ti pá. "Mísítà Sípíkà, ẹ bá mi wí fún wọn pé ọmọ mi méjèèjì yóò wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wí pé ẹni tí ó bá fi ọmọ rẹ̀ sílé kò sí ibi tí ó ń lọ. Ẹ wí pé Ọjọ́bọ̀ mi, Ọjọ́bọ̀ ni. Tí ó bá di aago márùn-ún tí wọn kò tíì rí mi, kí wọ́n wá mú mi."

"Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kò jìnnà," ni awakọ̀ dá sí i.

"Awakọ̀, ìwọ kì í ṣe ọmọ ilé yìí," ni Bàbá Micah ké mọ́ ọn, nígbà tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ń sùn.

Alhaja mú ìborùn nu ojú. "Mísítà Sípíkà, mo ní àtúnṣe sí àbá mi. Kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n kí ó kọ orúkọ sára gbogbo páálí inú ṣọ́ọ̀bù kí ó tó lọ, kí ó kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní ìwé, màá kà á fúnra mi. Èkejì, èmi ni màá mú un lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ rí ibùsùn tí wọn yóò tẹ́ ẹ sí."

"Ta ni yóò gbè é lẹ́yìn?"

Ohùn gbogbo bọ́ọ̀sì ni ó dáhùn. Àsíátù ń sunkún, ó sì ń jẹ ẹyin inú mọ́ínmọ́ín rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi kọ orúkọ sára páálí. Abdulrauf ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbé wọn padà, ayọ̀ rẹ̀ kò mọ níwọ̀n pé ẹnikẹ́ni kò tún rán òun wọ yàrá ìyá òun mọ́. Ní ọjọ́ Ajé náà, Alhaja àti Àsíátù wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Alhaja tẹ ibùsùn wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ fèrèsé wò bóyá nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ya. Ó bèèrè omi tí wọ́n ń mu. Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé ń dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù.

Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ, Alhaja dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àsíátù kúnlẹ̀. Ìyá náà kò wò ó, nítorí ó mọ ohun tí ojú òun yóò ṣe. Àga onípákó kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn aláboyún máa ń jókòó sí. Òun ni Alhaja kọjú sí.

"Mísítà Sípíkà," ni ó wí, "ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi. Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún."

Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé wẹ̀yìn. Ó wo àga náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

"Ta ni Màmá ń bá sọ̀rọ̀?" ni ó bi Àsíátù nígbà tí ọkọ̀ ti gbé Alhaja lọ.

"Èmi ni, mà," ni Àsíátù dáhùn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì bèèrè ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.